Kọfí Tí Mo Fi Gba Àna Mi Lálejò

Bí mo bá dàgbà títí eyín fi ká tán lẹ́nu mi, ọjọ́ Sátidé kan báyìí ní Ìkàtẹ́ kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ yẹn ni bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya kọ́kọ́ wá wo ilé mi. Ọjọ́ yẹn náà ni mo fojú ara mi rí i pé èèyàn lè kàwé, kó níṣẹ́ lọ́wọ́, kó wọ bàtà tó ń dán, síbẹ̀ kí orí rẹ̀ ṣófo bí agolo mílíìkì tí wọ́n ti fi ahọ́n lá.

Kọfí ló fà á. Ṣé ẹ mọ kọfí? Èmi náà rò pé mo mọ̀ ọ́n. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyẹ̀fun dúdú kan báyìí ni, inú agolo ló máa ń wà. Bí ọyẹ́ bá mú, bàbá mi á bu ṣíbí kan sínú omi gbígbóná, wọ́n á da mílíìkì sí i, wọ́n á wá kó ṣúgà lé e lórí bí ẹni tó ń sin òkú. Wọ́n á mu ún, wọ́n á gùfẹ̀, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó parí. Kò sẹ́ni tó fi imú fà á. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé láti orí òkè wo ló ti wá. Àfìgbà tí mo dé ọ́fíìsì kan ní Lẹ́kkí Phase 1, níbi tí mo ti ń ya àwòrán ilé fáwọn tó fẹ́ kọ́lé, tí mo bá Dọ̀tun pàdé.

Tábìlì Dọ̀tun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ti gbé ìlú òyìnbó fún oṣù bíi mélòó kan, ó sì gbé ọ̀fun tuntun bọ̀ láti ibẹ̀. Ẹ ti rí irú wọn lágbègbè wa dáadáa. Wọ́n á mú ife, wọ́n á ti imú bọ̀ ọ́ bí ajá tó ń wá eegun, wọ́n á dijú, wọ́n á fà á mu pẹ̀lú ariwo bí ọmọdé tí ikun dí nímú, wọ́n á wá ní àwọn ń tọ́ adùn ọsàn wò níbẹ̀, àti oyin, àti èèpo igi tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ta ló ń jẹ èèpo igi nílé yín? Ohun tó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀, wọ́n ní ó ń dùn bí oyin! Ọjọ́ tí Dọ̀tun kọ́kọ́ ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń já kọfí inú ọ̀rá sínú ife, ó wò mí bí ẹni tó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fi omi gọ́tà bọ́jú.

"Ọ̀rẹ́, ìyẹn kì í ṣe kọfí," ló wí. "Eérú ni."

Ojú tì mí. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó pe ohun tí bàbá mi ń mu ní eérú, dípò kí n fèsì tó tọ́ sí i fún un, ṣe ni mo ń tẹ̀lé e kiri bí adìyẹ tó ń tẹ̀lé alágbàdo. Kò pẹ́ tí kíṣìnnì mi, tí kò gbà ju èèyàn kan àbọ̀ lọ, fi kún fún irinṣẹ́ oríṣi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àrọ tí wọ́n ń tẹ́ bébà sínú rẹ̀, kí kọfí lè máa kán sísàlẹ̀ tótó. Èkejì ni gíláàsì gíga kan tó ní irin nínú ìdérí, irin ọ̀hún ni wọ́n fi ń tẹ kọfí mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìkòkò irin kékeré kan tó ní òkè àti ìsàlẹ̀ bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: omi á hó nísàlẹ̀, á gba àárín kọfí kọjá, á gun òkè lọ. Èwo ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bí Dọ̀tun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé àríyànjiyàn yìí kalẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó rò pé àwọn ni wọ́n ń ṣòfin fún Nàìjíríà. Èmi náà á sì jókòó sáàárín wọn, màá máa mi orí bí aláǹgbá.

Sàídátù lorúkọ ọmọbìnrin tí mò ń wí. Awóyayà ló ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níléèwé kan níbẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Àlàájì, jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn tó ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé. Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún wọn, wọn ò bá wa jà, wọn ò sì bá wa yọ̀. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi ò ní lọ gbé ibi tí n kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ibẹ̀." Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Sàídátù pè mí lórí fóònù.

"Jọ̀ọ́, tíì ni bàbá mi ń mu. Tíì, ṣúgà díẹ̀, búrẹ́dì. Má ṣe àṣejù o."

"Mo ti gbọ́," mo fèsì.

Irọ́ ni, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé màá po kọfí lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú Àlàájì, kí wọ́n máa tọ́ wọn wò níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọkọ tí ọmọ wọn rí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Mo tún ní kí Dọ̀tun wá ṣe àlàyé. Ẹ wò ó, ẹni tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìdílé kí wọ́n tó bí mi, òun ni mo fẹ́ fi omi dúdú hàn pé mo lajú!

Ìyà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Odindi èso kọfí ni Dọ̀tun gbé fún mi, ó sì yẹ ká kọ́kọ́ lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí mo máa ń fọwọ́ yí, ọwọ́ rẹ̀ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Bùlẹ́ńdà wà, ṣùgbọ́n iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ilé wa sì ti dákẹ́ láti ìjẹta. Ni mo bá gbé èso kọfí sínú abọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́lọ̀ nínú Ìkàtẹ́ lọ́hùn-ún, ìyá tó ń lọ ata àti èlùbọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Wọ́n yọjú sínú abọ́ mi. "Kí lèyí? Ẹ̀wà tó jóná ni?"

"Kọfí ni, mà."

"Háà. Ata gbígbẹ ni mo lọ̀ kẹ́yìn o. Jẹ́ kí n fi àgbàdo díẹ̀ fọ ẹnu ẹ̀rọ náà."

Mo ní rárá o. Mo ní àgbàdo á ba adùn rẹ̀ jẹ́. Adùn! Mo mà fi ẹnu mi yìí sọ ọ́. Ìyá Ọlọ́lọ̀ gbé èjìká sókè, wọ́n sì lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí èlùbọ́. Mo dúpẹ́, mo gba ọ̀nà ilé. Mo sì ń sín lójú ọ̀nà bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Mo ní eruku ni.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Àlàájì dé pẹ̀lú Sàídátù. Aṣọ funfun báláú ni wọ́n wọ̀, gíníì tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ tó fi ń dún kárakára, pẹ̀lú fìlà funfun. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Wọn ò jókòó; wọ́n yí pálọ̀ ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kan táìsì ilẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀ bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

"Òfìfo wà lábẹ́ ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹni tó tẹ́ ẹ ń sá fún ọlọ́pàá ni."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín àbí kí n tọrọ àforíjì. Dọ̀tun, tó ti dé ṣáájú wọn, ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. Ó ti so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí, ó to irinṣẹ́ sórí tábìlì bí oníṣẹ́ abẹ.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà. Ọ̀nà mẹ́ta la máa gbà ṣe kọfí lónìí, kí ẹ lè fi wọ́n wéra."

Àlàájì wo tábìlì, wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ wọn. "Ṣé kò sí tíì ni?"

Sàídátù yíjú sí mi. Ó kàn wò mí ni, ṣùgbọ́n irú ìwò yẹn, bí wọ́n bá fi wo ògiri, ògiri á là.

Àrọ oníbébà la kọ́kọ́ lò. Dọ̀tun da kọfí sínú bébà, ó ń da omi gbígbóná lé e lórí díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ yí kẹ́tùlù bí ẹni tó ń súre. Ó yẹ kí omi náà máa kán. Kò kán. Kọfí tó kúnná bí èlùbọ́ ti lẹ̀ pọ̀ di ẹrẹ̀, omi sì dúró sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dúró lójú títì Lẹ́kkí lẹ́yìn òjò. A ń wò ó. Ó ń wò wá.

"Ògì lẹ̀ ń sẹ́ ni?" Àlàájì béèrè.

"Sùúrù ni kọfí ń fẹ́, Bàbá," Dọ̀tun fèsì.

"Ògì náà ń fẹ́ sùúrù. Ṣùgbọ́n ògì máa ń jò."

Mo sáré wọ kíṣìnnì láti lọ gbé ìkòkò onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kaná, kí nǹkan lè yá díẹ̀. Mo rọ omi sí ìsàlẹ̀, mo ki kọfí sáàárín títí ó fi kún dẹ́nu, mo dé e pa, mo gbé e sórí gáàsì nídìí fèrèsé, mo sì padà sí pálọ̀. Nígbà tí mo máa dé ibẹ̀, àrọ ti ṣàánú wa, ó ti kán ìwọ̀n ẹnu bíi mélòó kan. Dọ̀tun bu tirẹ̀, ó fi imú fà á, ó fà á mu fọ́ọ́. Ó ranjú. Ó tún fà á mu. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n mi!" ló wí. "Ìgbóná kan ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń gun ọ̀fun. Ilẹ̀ orí òkè nìkan ló ń mú irú eléyìí jáde. Kọfí àwọn ọba rèé!"

Àlàájì gbé ife tiwọn. Wọ́n ní bísímílà, wọ́n mu ẹnu kan tó kún dáadáa, wọ́n gbé e mì. Wọ́n gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ata ni."

"Rárá, sà," Dọ̀tun wí, "ilẹ̀ tó ti hù ló ń—"

"Mo ní ata ni. Ata gbígbẹ." Ikọ́ dé sí wọn, wọ́n wú u títí fìlà wọn fi yẹ̀. Sàídátù gba ife, ó fi ètè kàn án, ó kọjú sí mi.

"Níbo lo ti lọ kọfí yìí?"

Mo wá rántí ata gbígbẹ tí Ìyá Ọlọ́lọ̀ lọ̀ kẹ́yìn. Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, tí mo tọrọ àforíjì, tí mo lọ se tíì, ọ̀rọ̀ ì bá tán wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ kì í mọ ibi tí ó ti yẹ kóun dúró. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ fi wẹnu." Ẹ ò rí nǹkan? Inú ìyẹ̀fun kan náà ni mo tún fẹ́ ti bu èyí tí wọ́n máa fi wẹnu!

Dọ̀tun ti po ti gíláàsì alátẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń ṣọ́ àrọ. Mo di irin rẹ̀ mú, mo tẹ̀ ẹ́. Kò lọ. Mo fàtẹ́lẹwọ́ tì í. Kò mira. Mo dìde dúró, mo gbé àyà lé e bí ẹni tó ń ti mọ́tò tó kú. Bó ṣe gbà fún mi lójijì nìyẹn! Irin wọlé gbùà, kọfí sì gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí tú jáde bí omi páìpù tó bẹ́, ó kọjá lórí mi, ó ba Àlàájì láti fìlà dé àyà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti pẹ́ nílẹ̀, kò gbóná mọ́. Aṣọ funfun báláú di awọ ẹkùn.

Dọ̀tun nìkan ló sọ̀rọ̀: "Omi yẹn ló gbóná jù lásìkò tí a pò ó."

Ọlọ́run ló mọ ohun tí ǹ bá fi ọwọ́ mi ṣe fún un, bí kò bá ṣe pé nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú kíṣìnnì. Ó súfèé, ó súfèé, ó dún gbàù!

"Gáàsì!" Àlàájì pariwo, wọ́n gbá ọmọ wọn lọ́wọ́ mú, ó di ìta. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé orí àtẹ̀gùn, Dọ̀tun ti kọjá wọn lára. Ó fi bàtà sílẹ̀, ó lọ pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù nídìí, a ò sì tún fojú kàn án lọ́jọ́ náà.

Èmi ni mo wọ kíṣìnnì lọ pa iná. Gáàsì ò ṣe nǹkan kan. Omi ni kò rọ́nà gba inú ẹrẹ̀ kọfí kọjá, tó wá já èdídí kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà, tó sì gbabẹ̀ tú jáde. Àjà ilé kún fún àmì dúdú. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé tó wà ní ṣíṣí ni èyí tó pọ̀ jù bá lọ. Mo yọjú wolẹ̀, mo sì sáré gba àtẹ̀gùn lọ.

Ìyá Àdúrà ló ń gbé ìsàlẹ̀ wa, aránṣọ ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀ nínú ìjọ aláṣọ funfun kan. Sùtánà tiwọn àti ti ọkọ wọn, tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí ìsìn lọ́jọ́ kejì, ló wà lórí okùn lábẹ́ fèrèsé mi. Ìyẹn ni pé wọ́n funfun tẹ́lẹ̀.

Kí n tó dé ìsàlẹ̀, Ìyá Àdúrà ti jáde láìwọ bàtà, wọ́n gbé sùtánà sókè lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ta ló wà lókè yẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú, mà."

"Ìwọ! Wọ́n fi hàn mí nínú ọ̀sẹ̀ yìí pé nǹkan dúdú máa já láti òkè wá sórí nǹkan funfun. Mo gbààwẹ̀. Mo sun tùràrí yí gbogbo ilé yìí ká. Mo ti rò pé ọ̀tá láti abúlé ni, àṣé ìwọ tó wà lórí mi ni!"

Àlàájì, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú kọfí tó ń kán lórí irùngbọ̀n, wo sùtánà, wọ́n wo aṣọ ara wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Tiyín tiẹ̀ dáa, Ìyá. Wọn ò fi tèmi hàn mí."

Ìyá Àdúrà wò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n gbìyànjú láti máa bínú lọ, ẹ̀rín sì já mọ́ wọn lẹ́nu. Sàídátù bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rín. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó gbogbo aṣọ náà fún mi. Ìyá Àdúrà yá Àlàájì ní búbá ọkọ wọn, mo bá gbé abọ́ ńlá sẹ́nu kànga, mo jókòó ti ọṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọ́n kọfí lé, ṣé ẹ ti fọ ọ́ kúrò lára aṣọ funfun rí? Mo fọ̀ ọ́, ó fẹ̀ sí i. Mo bó o, mo rẹ ẹ́, mo tún bó o. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Òógùn wá bọ́ sí mi lójú, mo fọwọ́ nù ún. Ọwọ́ tó ti ń bó kọfí aláta látọ̀sán! Kí n tó mọ̀, ojú mi ti ń ta bí iná, omi ń dà wàràwàrà, mo ń fa imú.

Ọkàn Ìyá Àdúrà rọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ yìí ti ń sunkún. Háà, ó tó báyìí. Ẹ ò rí bó ṣe kábàámọ̀? Ọmọ tó ní ọkàn rere ni, Àlàájì."

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ta ni màá sọ fún pé kì í ṣe ẹkún? Àlàájì dìde, wọ́n bu omi tútù, wọ́n gbé e wá síwájú mi, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́.

"Bọ́jú ẹ dáadáa. Ata ni."

Alẹ́ ti ń lẹ́ kí aṣọ tó mọ́. Sàídátù ti bá Ìyá Àdúrà se tíì nísàlẹ̀, tíì lásán, pẹ̀lú búrẹ́dì, Àlàájì sì mu ife kan, wọ́n tún ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn bí ẹni tó ń retí ìdájọ́ ilé ẹjọ́.

"Sàídátù," ni wọ́n wí, "ilé ọkọ rẹ ò dáa. Táìsì rẹ̀ ò dáa. Kọfí rẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá, òun ò sá. Ó jókòó, ó fọ aṣọ títí ó fi mọ́. Màá rán àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá tún ilẹ̀ yẹn tẹ́ kí ẹ tó wọlé."

Ọkọ rẹ! Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orí mi sì gbá bẹ́ǹṣì.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Sàídátù ń gbé lọ́dọ̀ mi, táìsì wa ò sì lófìfo lábẹ́ mọ́. Dọ̀tun ṣì wà ní ọ́fíìsì, ó ṣì ń tọ́ èèpo igi wò. Ó sọ fún mi pé òun ò sá lọ́jọ́ náà, pé ìrànlọ́wọ́ lòun lọ wá. Mo ní ó dáa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló dáa jù, mo ti ní ìdáhùn: èyí tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ò tíì rà. Ohun tí mo kọ́ kò sì ju báyìí lọ: bí àlejò bá ní tíì lòun ń mu, ẹ gbé tíì fún un, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹni tó bá fẹ́ fi ife lásán sọ ara rẹ̀ di ẹni ńlá, ohun tó máa bá pàdé nísàlẹ̀ ife náà kì í sábà dùn. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí, ṣùgbọ́n ẹ má wò mí lójú. Ojú ṣì ń tì mí.